Ọmọ mi kì í ṣe olódo

Mo ka ìròyìn kan tó sọ pé orin lè ran ọmọ tí ìwé kíkà nira fún lọ́wọ́, ìyẹn ló mú mi dá sí i. Ojú mi ló ṣe. Ọmọkùnrin mi kejì ti pé ọdún 9 kó tó lè ka ojú ìwé kan tán. Á fi ìka tẹ “b”, á pè é ní “d”, òógùn á bò ó. Olùkọ́ rẹ̀ ní olódo ni. Èmi náà nà án, ó sì ń dùn mí títí dòní. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu gángan ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kó máa fi kọ̀ǹgọ́ lu ọ̀rọ̀ kó tó kà á. Ìlú àti ìlù, ọwọ́ rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn kí ojú rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ sọ lábẹ́ ìròyìn náà pé ká kàn ra dùùrù fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kò tó bẹ́ẹ̀. Ìwádìí Usha Goswami ní Yunifásítì Cambridge fi hàn pé ó máa ń ṣòro fún ọpọlọ ọ̀pọ̀ wọn láti mú ìlù tó wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ìyẹn sì ń dí wọn lọ́wọ́ láti so ìró mọ́ lẹ́tà. Orin á ṣí etí, àmọ́ èèyàn ló máa jókòó kọ́ ọmọ ní lẹ́tà. Alaalẹ́ lèmi àti tèmi ń pe ìró lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tí à ń fi ìka kọ ọ́ sínú yanrìn. Láti 1896 ni Pringle Morgan, dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ nípa ọmọ ọdún 14 kan tó mọ ìṣirò dáadáa àmọ́ tí kò lè kàwé. A ṣì ń nà wọ́n.