Ta ló ní Òyìnbó nìkan ló ń náání ọjà tí kì í ba àyíká jẹ́?

Lánàá, nínú máíkírà tó gbé wa láti Mókọ́lá lọ sí Bódìjà n'Ìbàdàn, ọ̀gbẹ́ni kan tún sọ ọ́: pé Òyìnbó ló ń wádìí bóyá ọjà tóun ń rà ń ba ilẹ̀ àti omi jẹ́, pé ní tiwa, kó ṣáà ti pọ́ọ́kú. Gbogbo èrò ọkọ̀ mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi!

Ní 2014, ilé iṣẹ́ Nielsen, tó máa ń ṣèwádìí nípa àwọn oníbàárà, bi 30,000 èèyàn ní orílẹ̀-èdè 60 bóyá wọ́n á gbà láti fowó kún owó ọjà ilé iṣẹ́ tó ń ro ti ará ìlú àti àyíká. Ní Áfíríkà àti Àárín Gbùngbùn Ìlà Oòrùn, 63 nínú 100 ní àwọn á san án. Ní Éṣíà àti Pàsífíìkì, 64. Yúróòpù ńkọ́? 40 péré. Àríwá Amẹ́ríkà, 42. Àwọn tí à ń yìn ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo gbà pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti béèrè, àti pé ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu náà ni Òyìnbó fi dáhùn.

Kí n sọ èyí tí mo fojú rí. Màmá mi ta mọ́ínmọ́ín ní Bódìjà, èmi ni mo sì máa ń bá wọn gbowó tí n bá ti ilé ìwé dé. Ti inú ewé eéran wọ́n ju ti inú ọ̀rá lọ, torí ewé fúnra rẹ̀ wọ́n lọ́jà. Síbẹ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ tán. “Ìyá, ẹ ò ní ti ewé mọ́ ni?” Tí ò bá sí, àwọn mìíràn á kàn yíjú padà, wọ́n ní àwọn ò lè jẹ ohun tí wọ́n fi ọ̀rá sè lórí iná. Ẹ ní torí adùn ni? Adùn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n béèrè ohun tí wọ́n fi dì í kí wọ́n tó sanwó.

Wọ́n á tún ní ká wo gọ́tà Ìbàdàn bí pàǹtí ṣe kún inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó yẹ kó wá kó pàǹtí nìyẹn. Ará Ìbàdàn tó bá rántí omíyalé odò Ògùnpa ti 1980 mọ ohun tí pàǹtí inú odò lè dá sílẹ̀.

Òyìnbó ń wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí, àwa ń wo bí nǹkan á ṣe pẹ́ sí. Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi yìí, ṣúmékà kan ní Dùgbẹ̀ ti pààrọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí n tó rà á, kódà kí n tó béèrè iye rẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ bi ẹni tó tà á ni bóyá ó ṣeé rán.