Èsì wa sí oníbàárà tó fún wa ní ìràwọ̀ méjì: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé píkọ́ọ̀pù yẹn sí títì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìfaradà. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ nípa àwọn irin tí ẹ rà lọ́wọ́ wa láti fi mú píkọ́ọ̀pù yín rẹlẹ̀, íǹṣì 2 níwájú, íǹṣì 4 lẹ́yìn. Ẹ ní bí ẹ bá ti kó táìlì sí i, ìdí ọkọ̀ á máa dún gbì, gbì. Ẹ ní pùròpẹ́là, ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn, ń gbọ̀n bí ẹ bá ti sáré kọjá 80. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni táyà iwájú fi jẹ nínú, àti pé ayédèrú ọjà la tà fún yín. Ìràwọ̀ 2 nínú 5.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà ní ìparí tí ẹ fi gbólóhùn kan ṣoṣo sọ: pé lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ẹ tẹ bírékì, ìdí ọkọ̀ sì yọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló já mi láyà jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn jókòó sílé títí a ó fi tún un ṣe.

Ohun tó fà á nìyí. Fáàfù kan wà lára ṣásí ọkọ̀ yín, ìyẹn egungun irin tó gbé ọkọ̀ dúró, tó ń pín agbára bírékì láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so ó mọ́ áàsù ẹ̀yìn, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá di ẹrù, síprìn á tẹ̀, ṣásí á sún mọ́ áàsù, ọ̀pá yẹn á ti ọwọ́ fáàfù sókè, fáàfù á sì fún bírékì ẹ̀yìn lágbára sí i, torí ọkọ̀ tó di ẹrù lẹ́yìn nílò rẹ̀. Nígbà tí a wá fi íǹṣì 4 mú ẹ̀yìn wálẹ̀, ṣásí ti sún mọ́ áàsù láìsí ẹrù kankan. Fáàfù ò lójú, ohun tí ọ̀pá bá sọ fún un ló gbọ́. Ó rò pé ọkọ̀ kún, bẹ́ẹ̀ òfìfo ni. Ó da agbára sẹ́yìn, ẹ̀yìn sì fúyẹ́, táyà gan, kò yí mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Mo fẹ àwòrán kẹta tí ẹ fi ránṣẹ́ lójú, mo rí ọ̀pá náà, ẹrẹ̀ gbígbẹ wà lára rẹ̀, ó sì ti ti ọwọ́ fáàfù sókè dé ibi tó lè dé.

Irin kékeré kan ló yẹ kí wọ́n fi gbé ìdí ọ̀pá yẹn wálẹ̀ ní íǹṣì 4 kan náà. Irin yẹn kò sí nínú páálí tí a kó fún yín, ìwé tó bá ọjà lọ kò sì dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀bi wa ni. Mi ò ní pín in kan mẹkáníìkì yín rárá.

Ìró gbì, gbì yẹn kì í ṣe sọ́kì. Rọ́bà kan wà lábẹ́ ṣásí, òkè áàsù gan-an, tó wà níbẹ̀ kí irin má bàa lu irin. Ká ní àlàfo tó wà láàárín áàsù àti rọ́bà yẹn jẹ́ íǹṣì 6 tẹ́lẹ̀, a ti gba 4 níbẹ̀, 2 ló kù. Páálí táìlì 30 á jẹ 2 yẹn tán kí ẹ tó kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù. Látìgbà náà, orí rọ́bà lọkọ̀ ń rìn, kò sí lórí síprìn mọ́. Àwọn tó ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ṣọ́ máa ń gé ṣásí ní apá ibẹ̀, wọ́n á fi irin tó tẹ̀ kọdọrọ dí i padà kí áàsù lè ráyè. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ ni yín, ẹ̀gbọ́n. A ò bi yín léèrè ohun tí ẹ ń kó kí a tó gbowó. Ó dùn mí, torí ìbéèrè kan péré ni ìbá gbà wá lọ́wọ́ gbogbo èyí.

Ti pùròpẹ́là, nígbà tí áàsù gòkè, igun tí pùròpẹ́là fi ń wọ inú rẹ̀ yí padà, ìyẹn ló ń mú un gbọ̀n. Irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan nípọn ju èkejì lọ ni wọ́n ń ki sáàárín síprìn àti áàsù láti dá igun náà padà. Kí wọ́n lo yúbóòtù tuntun, irin tó tẹ̀ bíi U tó ń de síprìn mọ́ áàsù, nígbà tí wọ́n bá ń dè é o, torí èyí tí wọ́n ti fún pinpin rí ti nà.

Ọ̀rọ̀ táyà ni mi ò fara mọ́. Ẹ ní mẹkáníìkì yín sọ pé aláíńmẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kí wọ́n lè dúró gún kí wọ́n sì kọjú sọ́nà dáadáa, kò pọn dandan. Ó pọn dandan, ojú ìwé àkọ́kọ́ la kọ ọ́ sí. Síprìn tó kúrú níwájú máa ń mú kí orí táyà dagun sínú, ó sì máa ń da bí táyà méjèèjì ṣe kọjú sọ́nà rú. Èyí kejì yìí gan-an ló ń jẹ táyà kíákíá. Ẹni tó ní kí ẹ kúkú gé síprìn àtijọ́ yín, ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Síprìn tí a gé máa ń le, bí táyà bá sì já sínú kòtò, ó lè yẹ̀ kúrò ní ìjókòó rẹ̀. Ẹ tún iná iwájú tò pẹ̀lú, torí ẹ̀yìn tó wálẹ̀ ju iwájú lọ ti gbé ojú iná sókè.

Ayédèrú kọ́ ni ọjà náà. Ọjà tí kò bá iṣẹ́ yín mu la tà fún yín, mo sì tọrọ àforíjì.

Irin fáàfù àti irin pẹlẹbẹ yẹn ti wà nínú páálí tí mo di fún yín, ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ máa kó táìlì, màá gba irin ẹ̀yìn padà, màá dá owó rẹ̀ padà, màá sì fi irin ìdè síprìn tó ń mú ọkọ̀ wálẹ̀ ní íǹṣì 2 péré ránṣẹ́. Àwọn kan máa ń fi àpò rọ́bà tí ń gba afẹ́fẹ́ sáàárín áàsù àti ṣásí. Ó máa ń gbé ìdí ọkọ̀ dúró lóòótọ́, kò sọ pé kí ẹ kó ju ohun tí ọkọ̀ lè kó lọ.

Ìràwọ̀ méjì yẹn, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Lónìí, ẹ bá mi gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú, láìsí ẹrù, kí ẹ wọn láti àárín rìmù dé etí bọ́dì tó wà lókè táyà, ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fi nọ́ńbà mẹ́rin yẹn ránṣẹ́ sí mi kí n tó gbé páálí náà jáde.