Sáré tẹ̀ kẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin oníròyìn, ta ló sọ fún yín pé owó bébà àsìkò ogun ò lẹ́wà, pé wọ́n kàn sáré tẹ̀ ẹ́ ni? Ẹ wo dọ́là 10 tí ìjọba Jàpáánì ń ná ní Màláyà (ara Malaysia òde òní) lẹ́yìn tí wọ́n gba ibẹ̀ ní 1942. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló wà lójú ẹ̀, ìyẹn làwọn èèyàn ṣe ń pè é ní owó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ní ẹyọ kan. Mo fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, àwọn ìlà etí ẹ̀ tín-ín-rín bí òwú aláǹtakùn! Ibi tí mo ti gbà fún yín ni pé nígbà tó yá, wọn ò tẹ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí i lára mọ́, lẹ́tà nìkan ló kù, M ló sì máa ń ṣáájú (M ti Màláyà nìyẹn). Owó tẹ́nikẹ́ni ò kà, ṣé kò ní di yẹpẹrẹ ni? Nígbà tí Jàpáánì túúbá ní 1945, owó náà ò ra nǹkan kan mọ́.

Ẹni tó ní ká fi áyọ́ọ̀nù lọ owó bébà àtijọ́ kó lè gún, ẹ dákun, ẹ má dán an wò. Èmi fi sẹ́lótéèpù lẹ temi tó ya díẹ̀, kò pé ọdún méjì tójú ibẹ̀ fi pọ́n rúsúrúsú. Inú ṣì ń bí mi.