Àìtètè Mólè, Olè Ń Mólóko: Ìfọkàntán Láàrin Alágbàtà Ẹrù àti Onítírélà Oní-fíríìjì

Nígbà tí àwọn àgbà ń pa á lówe pé àìtètè mólè, olè ń mólóko, kì í ṣe olè nìkan ni wọ́n ń bá wí. Olóko tó rí olè tí kò ké gbàjarè lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń kìlọ̀ fún, nítorí pé kí ó tó dé iwájú àwọn ará àdúgbò, olè ti ro ẹjọ́ tirẹ̀ tán, ẹni tó ni oko ni yóò sì wá máa wá ẹlẹ́rìí kiri. N kò rí iṣẹ́ tí òwe yìí bá mu bí iṣẹ́ tó so alágbàtà ẹrù pọ̀ mọ́ onítírélà oní-fíríìjì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹrù tí wọ́n jọ ń bójú tó kì í dúró de ẹnikẹ́ni: ẹran, wàrà, ewébẹ̀ àti èso a máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n ti fi èdìdì dì, ìgbà tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn náà ni gbogbo ènìyàn yóò gbọ́ ẹjọ́ tó ti wà nílẹ̀ láti ìgbà tí ẹnì kan ti rí nǹkan tí kò sì sọ.

Alágbàtà kò ní ọkọ̀, òun kọ́ ló sì ni ẹrù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wá ọkọ̀ tó yẹ fún ẹlẹ́rù, kí ó sì jẹ èrè nínú ohun tó bá ṣẹ́kù láàrin owó tí ẹlẹ́rù san àti owó tí akẹ́rù, ìyẹn onítírélà, gbà. Onítírélà ní ọkọ̀, ó ní awakọ̀, ó ní ẹ̀rọ amóhuntutù tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì láti inú táńkì tirẹ̀ lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn, pàápàá àwọn tí ọkọ̀ wọn kò pọ̀, ni kò ní ọ̀nà tààrà dé ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ni oúnjẹ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Síbẹ̀, onítírélà gbà pé alágbàtà ń rẹ́ òun jẹ. Alágbàtà náà gbà pé awakọ̀ lè pa ẹ̀rọ lóru kí ó lè dín owó epo kù. Àwọn méjèèjì ló ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ìdí nìyí tí n kò fi ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó kàn fọkàn tán ẹnì kejì lásán. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí kálukú máa tètè sọ ohun tó bá rí, kí ìfọkàntán lè rí ohun tí yóò dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹrù lẹ́túùsì kan. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ẹ̀rọ wà ní 34 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Awakọ̀ ti mú inú tírélà tutù kí ó tó dé. Ó ti ẹ̀yìn ọkọ̀ sí ẹnu ọ̀nà ibi ìkẹ́rù, ó ṣí páálí kan, ó ki irin òṣùwọ̀n bọ àárín ewé, 45 ló sì rí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé wàhálà ti dé, nítorí pé wọn kò ṣe ẹ̀rọ inú tírélà láti mú ẹrù tó gbóná tutù. Òtútù tí ẹrù bá gbé wọlé ni wọ́n ṣe é láti pa mọ́. Bí ó bá dákẹ́, tí ó fọwọ́ sí ìwé ẹrù, tí wọ́n fi èdìdì dì í, tí ó sì wakọ̀ lọ, ẹni tó fẹ́ gba ẹrù náà lẹ́yìn ọjọ́ méjì yóò ki òṣùwọ̀n tirẹ̀ bọ inú páálí, yóò rí 43, yóò sì kọ ẹrù. Àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ lè fi hàn pé afẹ́fẹ́ 34 ló ń fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n kò lè sọ bí ewé náà ṣe rí nígbà tó wọ ọkọ̀. Òfin Carmack, òfin Amẹ́ríkà lórí ẹrù tó bàjẹ́ lọ́wọ́ akẹ́rù, tó ti wà láti ọdún 1906, sì wà níbẹ̀ bí àdéhùn wọn bá tẹ̀ lé e: bí ẹlẹ́rù bá ti lè fi hàn pé ẹrù dára nígbà tó kúrò lọ́wọ́ òun, akẹ́rù ni yóò máa wá ẹ̀rí pé òun kò jáfara, àti pé àṣìṣe ẹlẹ́rù tàbí àbùdá ẹrù fúnra rẹ̀ ló ba nǹkan jẹ́. Ìwé tí awakọ̀ fọwọ́ sí láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i yóò máa jẹ́rìí takò ó. Olè ti mú olóko nìyẹn.

Ohun tó yẹ kí ó ṣe kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Kí ó ya àwòrán òṣùwọ̀n náà nínú páálí, kí ó pe alágbàtà kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, kí ó sì kọ 45 sórí ìwé ẹrù kí ó tó fọwọ́ sí i. Ìgbà tí fóònù yẹn bá dún lọ́wọ́ alágbàtà gan-an ni ìfọkàntán ń dúró tàbí kí ó wó. Alágbàtà tó bá dáhùn pé, "Ẹ ṣáà gbé e, ẹ máa bọ̀," ti kọ́ awakọ̀ náà pé kí ó má pe òun mọ́. Ní ọjọ́ mìíràn tí nǹkan bá bàjẹ́, ẹnu ẹni tó ń gba ẹrù ni yóò ti gbọ́ ọ. Èyí tó bá sọ pé, "Ẹ ṣeun tí ẹ pè, ẹ má tíì fọwọ́ sí i," tó pe ẹlẹ́rù, tó sì gba èsì lákọsílẹ̀, yálà kí wọ́n dá ẹrù padà sí yàrá òtútù ni o, tàbí kí ẹlẹ́rù gbà pé bó ti rí yẹn ni kí ó máa lọ, onítírélà kò ní gbàgbé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Mo mọ̀ pé irú ìpè bẹ́ẹ̀ lè mú kí ẹlẹ́rù bínú, kí odindi ọ̀sán sì ṣòfò, ṣùgbọ́n ọ̀sán kan ṣe é rí padà, odindi tírélà oúnjẹ tó ti bàjẹ́ kò ṣe é rí padà.

Àwọn àgbà tún ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, alágbàtà ni mo sì fẹ́ kí ó gbọ́ èyí. Òfin ìmọ́tótó lórí kíkó oúnjẹ tí FDA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, gbé jáde ní ọdún 2016 ka alágbàtà tó ṣètò ìrìn-àjò oúnjẹ mọ́ ẹlẹ́rù, ó sì ní kí wọ́n kọ ìwọ̀n òtútù tí oúnjẹ nílò sílẹ̀ fún akẹ́rù. Kíkọ "kí ó tutù" kò tó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń kó ní nǹkan bí 57 yóò dúdú bí wọ́n bá gbé e sínú òtútù tí lẹ́túùsì ń fẹ́. Ẹrù dídì ní tirẹ̀ ń fẹ́ 0 tàbí kí ó tún tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí alágbàtà tún kọ bóyá ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láìdáwọ́dúró tàbí ó lè máa kú kí ó máa tan fúnra rẹ̀, nítorí pé èso àti ewébẹ̀ ń mí, wọ́n ń mú ooru jáde, afẹ́fẹ́ sì gbọ́dọ̀ máa yí wọn ká nígbà gbogbo, nígbà tí ẹrù dídì lè fara da ìsinmi ẹ̀rọ. Ìlà kan ṣoṣo yẹn, tí ẹnì kan gbàgbé láti kọ, ti tó láti sọ ọ̀rẹ́ di ọ̀tá.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àkókò. Awakọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti wakọ̀ fún wákàtí 11 péré, láàrin wákàtí 14 tó tẹ̀ lé ìsinmi rẹ̀, bí ó bá sì jókòó sí ibi ìjáẹrù, wákàtí 14 náà kò dúró dè é. Alágbàtà tó mọ̀ pé ibi kan máa ń dá ọkọ̀ dúró títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tí kò sì sọ, ti mú nínú ọjọ́ iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni láìtọrọ àyè. Kí ó sọ ọ́ kí wọ́n tó dá owó, kí ó sì kọ owó ìdádúró sínú ìwé àdéhùn, pẹ̀lú wákàtí tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí kà. Wákàtí méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ máa ń fojú fò.

Ní ti owó gan-an, òfin ti gbìyànjú. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2013 ni alágbàtà ti gbọ́dọ̀ ní ìdúró owó, ìyẹn owó tí akẹ́rù lè gbà nínú rẹ̀ bí alágbàtà kò bá san gbèsè, tó tó dọ́là 75,000, tí ó jẹ́ 10,000 tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo akẹ́rù tí alágbàtà kan bá jẹ ní gbèsè ni yóò jọ máa fa owó kan náà, kì í sì í pẹ́ tán. Òfin tún ní kí alágbàtà pa àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, títí kan owó tí ẹlẹ́rù san, mọ́ fún ọdún 3, akẹ́rù tó ṣe iṣẹ́ náà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wò ó. Ọ̀pọ̀ alágbàtà ló ń ki ọ̀rọ̀ sínú àdéhùn pé kí akẹ́rù yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yìí. Lójú tèmi, ìgbésẹ̀ yẹn ń dá ìfura sílẹ̀ ju iye èrè tó ń bò mọ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ fún èrè rẹ̀ lè fi hàn, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀.

Onítírélà náà ní ohun tí kò gbọdọ̀ fi pa mọ́. Bí kò bá lè gbé ẹrù mọ́, kí ó sọ. Kí ó má ṣe fi í ránṣẹ́ sọ́wọ́ akẹ́rù mìíràn ní kọ̀rọ̀, nítorí pé lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó mọ ẹni tó yí ẹ̀rọ sí iye tó wà, tàbí bóyá wọ́n fọ inú ọkọ̀ lẹ́yìn ẹrù ẹran. Bí ẹ̀rọ bá ké ní òru, tí ìwọ̀n sì ń gòkè, kí ó pè kí ó tó máa wá mẹkáníìkì, kí alágbàtà náà sì rí i pé ẹnì kan wà tí yóò gbé fóònù ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tó ní àṣẹ láti ṣe ìpinnu.

Bí ẹrù bá sì ti bàjẹ́ náà, kí onítírélà fi àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ ránṣẹ́ ní odindi, láìdúró kí wọ́n bẹ̀ ẹ́, kódà bí ó bá fi àṣìṣe tirẹ̀ hàn. Kí alágbàtà kó gbogbo ìwé náà jọ fún ẹlẹ́rù àti ilé-iṣẹ́ adójútòfò, kí ó má sì ṣe di owó ẹrù mìíràn tí onítírélà náà ti gbé délé láyọ̀ mú nígbà tí ẹjọ́ ti àkọ́kọ́ kò tíì parí.