Èsì wa fún ọ̀gá tó ra áàmù ẹ̀yìn Big Daddy: áàmù kọ́ ló gbé ìdí mọ́tò yín sókè o

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ọ̀gá mi. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ, mo tún fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí n má bàa fi ìbínú dá yín lóhùn, torí ká sòótọ́ ìràwọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ fún ṣọ́ọ̀bù wa yẹn dùn mí. Ẹ ní fékì ni áàmù ẹ̀yìn mẹ́rin tí ẹ rà lọ́wọ́ wa ní Ládìpọ̀ fún Camry Big Daddy 2004 yín, pé láti ìgbà tí mẹkáníìkì ti dè é ni ìdí mọ́tò ti ga sókè bí ìdí tata, pé ó yí áàmù títí kó lè wálẹ̀ kò wálẹ̀, táyà ẹ̀yìn méjèèjì wá jẹ tán lápá inú láàárín oṣù méjì, bọ́ọ̀ṣì kan, ìyẹn rọ́bà inú ihò áàmù, sì ti ya.

Ẹ ṣeun tí ẹ gbé fọ́tò síbẹ̀, fọ́tò yẹn ló gbà mí sílẹ̀.

Gbogbo áàmù tó ní ojú yíyí, ìyẹn ibi tí wọ́n ń yí kó lè gùn tàbí kó kúrú, kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wa, a máa ń gbé e lé orí ti àtijọ́ tí oníbàárà mú wá, ihò sí ihò, títí gígùn wọn á fi dọ́gba, a ó wá fi ọ́dà funfun fa ìlà kan láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin. Ẹ tún fọ́tò kẹta yín wò. Ìlà yẹn ti pín sí méjì, ti ara nọ́ọ̀tì ti lọ sẹ́yìn, nọ́ọ̀tì fúnra ẹ̀ ń dán yinrin níbi tí sípánà ti hó o. Ẹnì kan ti yí i, kì í sì í ṣe díẹ̀ ló yí i.

Abẹ́ ẹ̀yìn Big Daddy ò le ràrá. Táyà kọ̀ọ̀kan ní áàmù gígùn méjì tó ti àárín mọ́tò wá, ọ̀kan níwájú ọ̀kan lẹ́yìn, irin kẹta wá na ọwọ́ lọ síwájú, iṣẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni pé kí wọ́n di táyà mú kó má yà bàrà, kó má sún síwájú tàbí sẹ́yìn. Sípírínǹgì tí wọ́n wé mọ́ ṣọ́ọ̀kì lára ló ru mọ́tò. Tí a bá fẹ́ kí ìdí mọ́tò ga tàbí kó rẹlẹ̀, sípírínǹgì la máa bá sọ̀rọ̀. Nínú áàmù gígùn méjì yẹn, èyí tó wà níwájú ò tiẹ̀ ní ojú yíyí kankan, èyí tó wà lẹ́yìn nìkan ló ní, àlàánmẹ́ǹtì, ìyẹn títọ́ ojú táyà, ni wọ́n sì ṣe é fún: tí ẹ bá fà á gùn, á ti ẹ̀yìn táyà síta, imú táyà á wọlé, tí ẹ bá dín in kù, imú táyà á kọjú síta bí ẹni tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Dídín ni wọ́n dín tiyín kù, táyà yín wá ń wọ́ ni dípò kó máa yí, títì ń fá a nínú bí ẹni fá iṣu.

Mo rò pé mo mọ ibi tí mẹkáníìkì yín ti mú un. Ó jọ pé Hiace àti Hilux àtijọ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn yẹn ní irin gígùn kan níwájú tí wọ́n ń pè ní tọ́ṣọ̀n báà, tó ń lọ́ bí ẹni fún aṣọ, òun gan-an ni sípírínǹgì wọn, ó sì ní bóòtì nídìí, tí ẹ bá fún un iwájú mọ́tò á gbéra, tí ẹ bá tú u á rẹlẹ̀. Kódà Peugeot 405 ní irú irin yẹn lẹ́yìn, àmọ́ eyín-eyín ni tiẹ̀ ní, ẹ máa fà á yọ kí ẹ yí i ní eyín kan tàbí méjì kí ẹ tó tì í padà, iṣẹ́ ẹni tí kò kánjú ni. Ẹni tó bá ti mọ́wọ́ ìyẹn, tó bá rí ojú yíyí lábẹ́ Camry, á rò pé bákan náà ni. Mi ò bú u o.

Ẹ ó ní kí ló wá gbé ìdí mọ́tò sókè. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ pé ọjọ́ kan náà lẹ pààrọ̀ sípírínǹgì ẹ̀yìn níbòmíì tí wọ́n tún ki rọ́bà bọ̀ ọ́ nítorí gálọ́ọ̀pù àdúgbò yín. Háà, ọ̀gá mi! Ìdí rèé tó fi ga.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ jáàkì, òun ló sì ya bọ́ọ̀ṣì. Bọ́ọ̀ṣì áàmù kì í yí po bíi bíárìn. Rọ́bà ni, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ páìpù kékeré kan tó wà láàárín ẹ̀, tí ẹ bá ti fún bóòtì le, páìpù yẹn ti di ara mọ́tò nìyẹn, tí áàmù bá ń lọ sókè sódò rọ́bà ló ń lọ́. Tó bá wá jẹ́ pé orí jáàkì ni wọ́n ti fún un, tí táyà ń rọ̀ dirodiro láì kanlẹ̀, ibẹ̀ ni rọ́bà máa mú ní ilé ẹ̀. Ẹ sọ jáàkì sílẹ̀, mọ́tò jókòó, rọ́bà ti lọ́, ó ń ti mọ́tò sókè díẹ̀, ẹ páàkì sílé ó ṣì ń lọ́, ẹ kó sí gálọ́ọ̀pù ó tún lọ́ sí i. Kí ló fẹ́ ṣe ju kó ya? Ṣe ló yẹ kó kọ́kọ́ fi ọwọ́ de bóòtì lásán, kó so táyà, kó sọ mọ́tò kalẹ̀, kó tẹ búùtù wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin kó jókòó dáadáa, kó tó wá wọ abẹ́ ẹ̀ lójú kòtò mẹkáníìkì kó fún un le níbẹ̀, kí ẹrù mọ́tò wà lórí táyà.

Ibi tí èmi ti jẹ̀bi nìyí: ọmọṣẹ́ mi tó tajà fún yín ò sọ èyí fún yín, èmi náà ò sí nílé, mo lọ sìnkú ní Ìjẹ̀bú. A ti ń kọ ọ́ sẹ́yìn ríṣíìtì báyìí. Àti pé Belgium lẹ rà, a ò pè é ní tuntun fún yín, ó ṣeé ṣe kí ẹyọ kan tó ya yẹn ti gbó ju àwọn mẹ́ta tó kù lọ, torí ẹ̀ ni mo ṣe gbà á sọ́rùn. Ẹ gbé e wá, a ó tẹ bọ́ọ̀ṣì tuntun sí i lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì bá yín tú bóòtì gbogbo ká tún un fún nílẹ̀. Owó táyà ni mi ò lè san, ẹ má bínú.

Kí ẹ tó wá, ẹ bá mi fi téèpù wọn nǹkan kan. Ẹ páàkì síbi tó tẹ́jú, kí afẹ́fẹ́ táyà dọ́gba, kí búùtù ṣófo, ẹ wọ̀n láti àárín wíìlì dé etí fẹ́ńdà lókè, lọ́tùn-ún lósì, ẹ má wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ torí táyà tó ti jẹ máa parọ́ fún yín, kí ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Tí méjèèjì bá jọra, rọ́bà inú sípírínǹgì la máa kọ́kọ́ yọ. Tí ọ̀kan bá ga ju èkejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé sípírínǹgì tí wọ́n tà fún yín ò jọra, ẹ bá ẹni tó tà á sọ̀rọ̀.

Ẹ má tíì ṣe àlàánmẹ́ǹtì o, torí tí mọ́tò bá rẹlẹ̀ tán gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe á tún yà, ẹ ó san owó lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ Ajé sí Sátidé la máa ń ṣí. Tí wáyà bá ti ń yọjú nínú táyà yẹn, ẹ so sípíà kí ẹ tó bọ́ sí títì, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi sípánà kan ojú yíyí yẹn kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa.