Iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn kọ́ ló ń sọ wọ́n di arọ

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan ẹ̀yìn bàbá o, wọn ò ní rìn mọ́." Ọ̀rọ̀ tí ẹbí máa ń sọ nìyẹn tí MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, bá ti fi kókó hàn nínú eegun ẹ̀yìn. Ní ti schwannoma, kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ tó máa ń hù lára èèpo nẹ́ẹ̀fù, òdìkejì rẹ̀ gan-an lòótọ́. Kókó yẹn ló ń fún spinal cord, okùn nẹ́ẹ̀fù tó gba inú eegun ẹ̀yìn, mọ́ ògiri eegun díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ṣì ń rìn kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ sábà máa ń rìn lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí wọ́n gbé dé nígbà tí ẹsẹ̀ ti kú tipẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le, wọ́n á wá di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọ̀bẹ.

Ní 1887, ní London, dókítà oníṣẹ́ abẹ Victor Horsley yọ kókó tó tẹ spinal cord sójà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kú. Sójà náà padà rìn. X-ray pàápàá kò tíì sí láyé nígbà náà!

Lónìí, wọ́n á ti gún abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sí awọ orí, sí ẹ̀gbẹ́ ojúgun àti sí àtẹ́lẹsẹ̀ kí wọ́n tó la ẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ wọ̀nyí so mọ́ ẹ̀rọ kan tó ń ṣọ́ bóyá nẹ́ẹ̀fù ṣì ń ṣiṣẹ́, tó sì ń fi ìdáhùn wọn hàn bí ìlà lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n á rán iná mànàmáná láti orí, iṣan ẹsẹ̀ á dáhùn; wọ́n á rán an láti ọrùn ẹsẹ̀, orí á dáhùn. Nítorí èyí, propofol àti remifentanil ni wọ́n fi ń mú aláìsàn sùn, wọn kì í sì í fún un ní oògùn tó ń dá iṣan dúró mọ́ lẹ́yìn tí rọ́bà èémí bá ti wọlé. Wọ́n á ká gọ́ọ̀sì sáàárín eyín, torí iná orí yẹn máa ń mú kí àgbọ̀n pàdé lójijì, eyín á sì gé ahọ́n.

Wọn kì í fa kókó náà tu bí ẹni tu ẹ̀gẹ́. Wọ́n á fi ọ̀pá oníná kan ara kókó náà káàkiri, níbi tí iṣan kankan kò ti dáhùn ni wọ́n á là. Wọ́n á kó inú rẹ̀ jáde títí èèpo rẹ̀ á fi rọ̀ wọnú, wọ́n á wá bó o kúrò lára àwọn fọ́nrán nẹ́ẹ̀fù. Ó máa ń ku fọ́nrán kan tí kókó so mọ́. Tí wọ́n bá fi iná kàn án tí ẹsẹ̀ kò mira, wọ́n lè gé e. Tí ẹsẹ̀ bá ta pọ́n-ún, ó sàn kí wọ́n fi èérún kókó sílẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n máa fi MRI ṣọ́ ọ.

Tí ìlà orí kọ̀ǹpútà bá wálẹ̀ dé ìdajì, ọwọ́ á dúró. Wọ́n á wò ó bóyá abẹ́rẹ́ ló yọ (ó ń ṣẹlẹ̀ dáadáa), wọ́n á da omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, wọ́n á gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, wọ́n á sì dúró kó padà.

Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ nẹ́ẹ̀fù yìí kì í ṣe oògùn àjẹsára o. Awọ tó bo spinal cord lè máa jo lẹ́yìn tí wọ́n rán an: orí á máa fọ́ tí aláìsàn bá jókòó, omi á sì rin báńdéèjì. Ibì kan lára ẹsẹ̀ lè kú tipiri. Kókó tó sì wà nínú spinal cord gan-an, bí ependymoma, léwu ju èyí lọ. Níbẹ̀ ni ìbẹ̀rù àwọn èèyàn ti ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀.

Àmọ́ tí ẹ̀yìn bá ń jí èèyàn lóru tó bá dùbúlẹ̀, tí sálúbàtà ń bọ́ lẹ́sẹ̀ tí kò mọ̀, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde, kó má lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń wọ́ eegun. MRI ló kàn.