Máòsì Ti Ń Ra Aṣọ Ẹbí

Bí ẹ bá wọ yàrá ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Gwarinpa lásìkò yìí, kí ẹ tó rí kọ̀ǹpútà lẹ ó ti rí ẹní. Ó gùn ní 90 sẹ̀ǹtímítà, ó fẹ̀ ní 40, wọ́n ya dírágónì sí i láti orí dé ìrù, iná aláràbarà sì ń sáré yí etí rẹ̀ po. Ẹ má bọ́ bàtà, pádì máòsì ni. Kíbọ́ọ̀dù wọ àwọ̀ àlùkò, àga wọ àlùkò, ohun tó fi bo etí pàápàá wọ àlùkò. Ó ku kí wọ́n pe onílù. Àwọn tó ń tà á ní Wuse náà ti mọ ọwọ́ oníbàárà wọn. Wọn kì í béèrè bó ṣe ń di máòsì mú. "Ẹ̀gbọ́n, aláwọ̀ wo?" ni tiwọn.

Ẹ wá bi ọ̀gbẹ́ni pé DPI mélòó ló fi ń gbá géèmù. "16,000!" Bí ẹni ń ka iye ilé tó kọ́. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ṣírò. DPI ni iye ìṣísẹ̀ tí máòsì ń kà bó bá rin íǹṣì kan; ìṣísẹ̀ kan ń sún atọ́ka, ọfà ojú kọ̀ǹpútà, ní pixel kan, ìyẹn àmì tóótó kan lára àwòrán. Ojú kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀ fẹ̀ ní 1,920 pixel. Bí Windows kò bá bu kún un, ẹni tó lo 800 yóò fa máòsì tó íǹṣì 2.4, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, kí atọ́ka tó ti òsì dé ọ̀tún. Alágbára 16,000 yóò fà á ní mílímítà mẹ́ta péré. Mílímítà mẹ́ta! Máòsì tí kì í rìn ju ìdajì hóró ìrẹsì lọ, òun ni wọ́n tẹ́ ẹní gbọọrọ fún.

Ẹni tó ń fi 400 tàbí 800 yìnbọn nínú géèmù, tó ń fi gbogbo apá wọ́ máòsì, òun ló nílò ààyè. Ẹ wọ inú géèmù, ẹ dojú kọ ògiri kan, kí ẹ fa máòsì sí ẹ̀gbẹ́ kan títí akọni yín yóò fi yí po tí yóò tún kojú ògiri kan náà. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn ìrìn yẹn. Bó bá tó 40 sẹ̀ǹtímítà, pádì tó fẹ̀ ní 25 yóò já yín kulẹ̀: ibi tí ẹ ti ń yí padà sí ọ̀tá ni máòsì yóò ti já bọ́ sórí pákó. Bó bá jẹ́ 15, pádì kékeré ti tó, ẹ fi owó tó kù jẹ súyà. Gbọọrọ tó ń tàn yẹn ńkọ́? Kíbọ́ọ̀dù ńlá nìkan jẹ bíi 44 nínú 90 rẹ̀. Ohun tó kù fún máòsì kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti pádì oní-45 tí kò ní dírágónì lọ.

Dírágónì kò tilẹ̀ jọ máòsì lójú. Sensor tó wà lábẹ́ rẹ̀, kámẹ́rà kékeré ni. Ó ń ya ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń fi àwòrán kan wé èkejì kó lè mọ ibi tí ọwọ́ ń lọ. Ìhun aṣọ ló ń wò. Gíláàsì tó mọ́ gaara kò ní ohun tí yóò rí, ìdí nìyẹn tí atọ́ka fi ń tọ kiri bí ẹ̀lírí lórí tábìlì gíláàsì táwọn kan fi ń ṣe fújà. (Pádì gíláàsì tí wọ́n ṣe fún géèmù yàtọ̀, wọ́n ti họ ojú rẹ̀ wínníwínní. Ó ń yọ̀ gan-an, ó sì ń tètè jẹ ẹsẹ̀ máòsì.)

Aṣọ tí ìhun rẹ̀ le díẹ̀ a máa dá máòsì dúró síbi tí ẹ fẹ́. Èyí tó jọ̀lọ̀ a máa sáré. Bí máòsì yín bá wúwo, ẹ sá fún pádì tó rọ̀ jù, yóò rì sínú rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ tẹ́ ẹ sórí káńtà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́: bí rọ́bà ìdí rẹ̀ bá yọ̀, ẹ dá a padà. Ẹ fi ọrùn ọwọ́ kan etí tí wọ́n rán. Bó bá ga ju ojú aṣọ lọ, yóò máa họ yín.

Ọyẹ́ ló kù. Eruku rẹ̀ máa ń kún inú ìhun aṣọ, nígbà tí ooru bá dé, òógùn a pò ó di ẹrẹ̀, máòsì a sì máa wọ́ níbi kan, kó máa yọ̀ níbòmíràn. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Ẹ ṣàn án títí kò fi ní í hó mọ́, kí ẹ tẹ́ ẹ síbòòji di ọjọ́ kejì. Omi gbígbóná àti áyọ́ọ̀nù a máa tú gọ́ọ̀mù tó so aṣọ mọ́ rọ́bà.

Oníná kò ṣe é rì sómi, wáyà wà nínú rẹ̀. Ìyẹn dùn ún gbọ́, títí Màmá yóò fi wá kí ọmọ láti Ọ̀fà. Ohun tó bá gbà tábìlì tó bẹ́ẹ̀, ìtẹ́ tábìlì ni lójú wọn. Wọn yóò gbé àmàlà lé e. Bí ewédú bá wá kán sí imú dírágónì, ẹ yọ okùn rẹ̀ lára kọ̀ǹpútà, ẹ fi aṣọ tó rin díẹ̀ nù ún, kí ẹ sì kí Màmá kú oúnjẹ.